Adágún Tiwa Méjèèjì

Bí ẹnì kan bá sọ fún Ìkírámátù láàárọ̀ ọjọ́ náà pé omijé ni yóò fi fọ àtíkè ojú rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ̀rín ni ìbá fi dá a lóhùn. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú. Láti ìdájí ló ti ń dín ẹja àrọ̀, ó kún abọ́ ńláńlá, torí pé òní ni Àbdùlhàfíìsì, ààyò ọkàn rẹ̀, yóò ṣe sútínáǹsì nílé-ẹ̀kọ́ gíga, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá olùkọ́. Ní Pàràkú, ẹni tó ń ṣe sútínáǹsì kì í dá nìkan lọ. Ará ilé á wọṣọ, wọ́n á gbé oúnjẹ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n á sì bọ́ àwọn adájọ́ yó lẹ́yìn ìdájọ́. Ẹja sì ni ti Ìkírámátù. Bí ọ̀nà bá là fún Àbdùlhàfíìsì, àwọn ẹbí rẹ̀ láti Kétu ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ lọ́jọ́ Àìkú.

Ìdí ìfun ẹja ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà Arzèkè ni Ìkírámátù ti ń ta àrọ̀ tútù tí òun àti ìyá rẹ̀, Àlájà Mùfúlíátù, ń sìn nínú adágún onísìmẹ́ńtì méjì lẹ́yìnkùlé wọn ní Ladjifarani. Bí oníbàárà bá yan ẹja, á pa á, á fa ìfun rẹ̀ yọ sínú garawa. Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ á da ìfun náà padà sínú adágún, kí àwọn ẹja tó kù rí nǹkan jẹ. Àlájà kò lè rí ìnákúnàá sójú. Ó ní ẹni tó bá ń da ohun jíjẹ nù, àlùbáríkà ló ń dà nù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ni ọmọkùnrin aláṣọ funfun kan dúró níwájú igbá rẹ̀, ó ní ìfun nìkan lòun fẹ́ rà. Kàsìmáwò, tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí tí gèlè rẹ̀ fi tú. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí Àbdùlhàfíìsì bá yọ lókèèrè, Kàsìmáwò á ní, "Ìkírámù, ọkọ ìfun ti dé o." Ó sì ń dé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Á so ìfun mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, á gbé òórùn rẹ̀ la ìgboro já. Ìkírámátù a máa bi ara rẹ̀ pé ọkùnrin wo ló lè fara da irú òórùn bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ìfẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Àbdùlhàfíìsì dúró láàárín adágún méjèèjì, ó ní kí wọ́n gbẹ ọ̀kan, kí wọ́n fọ̀ ọ́, òun á ra ọmọ ẹja tuntun sí i. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má da ìfun sí èyí, oúnjẹ inú àpò nìkan ni kí wọ́n máa fún wọn.

"Tiwa méjèèjì nìyí," ó wí.

Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí tí ara rẹ̀ kò ní yọ́? Ìkírámátù di ẹni tó ń lọ bá àwọn ẹja náà sọ̀rọ̀ lálaalẹ́. Nígbà tí wọ́n sanra ju ti ìyá rẹ̀ lọ, ó gbà pé ìfẹ́ ni wọ́n ń jẹ.

Nínú gbọ̀ngàn, ó jókòó ti ìyá Àbdùlhàfíìsì tó ti Kétu wá, tó ti ń pè é ní ìyàwó wa. Faransé ni wọ́n ń sọ. Kò yé ìyá náà, ṣùgbọ́n ó yé Ìkírámátù, torí ó kàwé débi ìdánwò BAC, àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Àwòrán yọ lára ògiri: ìfun ẹja tí wọ́n fi abẹ là gbọọrọ. Aràn funfun kún inú rẹ̀ bìbà. Ìyá Kétu fi ìborùn bo imú bí ẹni pé àwòrán ń rùn.

Àbdùlhàfíìsì ṣàlàyé. Ó ní orí aràn náà ní ẹ̀gún bí ìwọ̀ apẹja, ó sì ń gún un wọ ara ìfun. Ara ẹja kì í káwọ́ gbera. Ìfun á máa sun ikun bí ilá kí ẹsẹ̀ aràn lè yọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n kéré ju ohun tí ojú lè rí, á sáré débẹ̀, àwọn kan nínú wọn á sì bẹ́, á da oró tó wà nínú wọn lé ọ̀tá lórí. Bí aràn bá kọ̀ tí kò lọ, ara á mọ odi àpá yí orí rẹ̀ ká. Ìfun á yi bí awọ bàtà. Ẹja á máa jẹun, oúnjẹ kò ní hàn lára rẹ̀, torí ogun ló ń ná agbára lé.

Ìkírámátù ń fi ojú jẹ ẹnu rẹ̀. Lójú rẹ̀, kò sí ọkùnrin tó tún mọ̀rọ̀ sọ báyìí láyé.

Àwòrán mìíràn yọ. Adágún méjì ni, lẹ́yìnkùlé kan. Aṣọ ìyá rẹ̀ ń bẹ lórí okùn. Ọwọ́ obìnrin kan di ẹja mú, làálì sì wà lára ìka rẹ̀.

Ìkírámátù wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Àbdùlhàfíìsì ní wọ́n ń da ìfun sínú adágún àkọ́kọ́, àwọn ẹja ibẹ̀ sì ń gbé aràn òkú ẹja mì láàyè. Èkejì kò gba ìfun rárá. Èyí lòun fi ṣe òṣùwọ̀n, kí ìyàtọ̀ lè hàn.

Òṣùwọ̀n. Adágún tiwa méjèèjì.

Ọ̀gá obìnrin kan tó fi okùn so díńgí ojú mọ́rùn bi í pé ẹni tó ni ẹja ńkọ́, ṣé ó mọ̀?

"Kò tíì mọ̀, Màdáámù. Bí mo bá sọ fún un, á dáwọ́ ìfun dúró, iṣẹ́ mi á sì bàjẹ́."

Ìkírámátù ń rí ẹnu àwọn èèyàn tó ń lọ sókè sódò, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí etí rẹ̀ yóò là, àtẹ́wọ́ ló gbọ́. Àbdùlhàfíìsì ti yege, pẹ̀lú oríyìn. Ìyá Kétu gbá a mọ́ra, ó rò pé ayọ̀ ló ń mú un sunkún.

Wọ́n ṣí abọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá wo ẹja, wọ́n wo ara wọn, kò sí ẹni tó na ọwọ́. Ìkírámátù gbé àwo lé ọwọ́ ọ̀gá onídíńgí fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ ẹ́, Màdáámù," ó wí ní Faransé. "Adágún kejì ni mo ti kó o."

Obìnrin náà rí làálì ìka rẹ̀, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbdùlhàfíìsì fà á jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní lẹ́yìn òní lòun fẹ́ sọ ọ́, pé aràn náà kì í pa ẹni tó bá jẹ ẹja jíjinná lára.

"O jẹun nílé wa," ni Ìkírámátù wí. "O jókòó ti ìyá mi, ò ń wò ó bó ṣe ń dà á sómi. Ó máa ń ṣe bísímílà kó tó dà á."

"Bí mi ò bá gba ìwé yìí, ojú wo ni mo fẹ́ fi wá tọrọ rẹ?"

"Ṣé ìfun lo bá wá sọ́dọ̀ mi, àbí èmi?"

Ó ní ìfun ló kọ́kọ́ bá wá. Ó ní lẹ́yìn náà, ó di méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ìkírámátù wo ojú rẹ̀ pé bóyá òun á rí èyí tó jẹ́ tòun níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kan náà tó fi ṣàlàyé aràn ni.

Ìyá Kétu ti tọ̀ wọ́n wá, ẹja díndín lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yìn ín pé ọwọ́ alálùbáríkà ló dín in. Ìkírámátù kúnlẹ̀ fún un wọ̀ọ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàhálà ara yín lọ́jọ́ Àìkú mọ́."

Ìyá náà ní kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló ṣẹ̀ ẹ́?

"Ọmọ yín á ṣàlàyé. Ẹ ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá."

Ó dìde, ó na ọwọ́ sí alùpùpù akérò tó ń kọjá, ó ní Ladjifarani, kó sáré díẹ̀, kí ìyá òun tó gbé garawa ìfun.