Kókó Elétí Méjì

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn, ó sì dáa. Ohun tí àwọn àgbà ò wá sọ fún wa ni pé, bí onílé bá relé tán, ta ló ń retí rẹ̀?

Eudomar ò tíì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ se hayaka, oúnjẹ àgbàdo inú ewé tí wọ́n máa ń jẹ ní Kérésì, nílé rẹ̀ ní Barquisimeto. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn ni. Ó jí, ó na ara lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ó gbọ́ tí àkùkọ àdúgbò ń kọ, ó ní, "Ayé mi dùn!" Ẹ̀rọ tó ń fa omi ló ń tà kiri. Bí kò bá sí ní Panama, á wà ní Lima. Bí wọn ò bá rí i ní Lima, kí wọ́n wá a lọ sí Santiago. Ó mọ orúkọ àwọn tó ń gbé oúnjẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì, kò mọ orúkọ olùkọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní Caracas ti gbà pé kó wá jókòó sí ọ́fíìsì wọn tó wà níbí, kó yéé rin ìrìn àjò. Ó kù kó dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì fún ọdún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ó fẹ́ kí gbogbo wọn pé yí tábìlì hayaka ká ná, kó wá là á lójijì, kí ìyàwó rẹ̀ pariwo ayọ̀, kí ọmọ rẹ̀ fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ìyẹn nìkan ló ń wá. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ṣé ó pọ̀ jù?

Wọn kì í ṣàdédé dúró nídìí tábìlì hayaka. Oníkálukú ló ní àyè tirẹ̀. Ìyá Auristela, ìyá ìyàwó rẹ̀, ló ń bu ọbẹ̀ ẹran. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ṣíbí rẹ̀, ìjà ló ń wá. Nereida, ìyàwó rẹ̀, ló ń tẹ́ ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n ti pò sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Yelitza, ọmọ wọn, ló ń to ólífì àti àjàrà gbígbẹ lé e, tó sì ń pa ewé dé. Ìsàlẹ̀ tábìlì, níbi tí wọ́n ti ń fi òwú dì í, àyè Eudomar nìyẹn látọjọ́ tó ti gbé Nereida níyàwó. Kókó kan ṣoṣo fún ti gbogbo ayé, kókó elétí méjì fún tirẹ̀, nítorí kò fẹ́ fojú kan àjàrà gbígbẹ. Ó ní ó jọ eṣinṣin tó kú sínú oúnjẹ. Nereida á ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, á tì í sí i, á ní, "Elétí rèé o, ti ọkọ mi." Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti bá wọn dúró nídìí tábìlì yẹn kẹ́yìn. Ọjọ́ Kérésì gan-an ló máa ń wọlé, nígbà tí wọ́n bá ti dì í tán.

Ó wẹ̀, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì, ó wọ ilé ìdáná. Ọkùnrin kan ti dúró sí ìsàlẹ̀ tábìlì, ó fi òwú ha ẹnu. Heberto ni, bíríkìlà tó ń gbé nílé kejì.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú àbọ̀ o," ni Heberto wí.

Ẹ gbà mí! Bíríkìlà ń kí onílé káàbọ̀ sínú ilé onílé! Eudomar rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí òwú. "Ẹ kú iṣẹ́. Ó yá, ẹ gbé e fún mi, ibi tí mò ń dúró sí nìyẹn."

Ṣíbí Ìyá Auristela dúró nínú ìkòkò.

"Àna mi, ẹ lọ jókòó ní pálọ̀," ni ìyá wí. "Yelitza, gbé kọfí fún bàbá ẹ. Ife àlejò ni kó o lò o."

"Ìyá, kí ni mo fẹ́ fi ife àlejò ṣe? Iṣẹ́ ni mo fẹ́ ṣe."

"Aṣọ ẹ á dọ̀tí," ni Nereida wí.

Heberto ti ń tú òwú lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà."

"Dúró síbẹ̀ jàre, Heberto!" ni Ìyá Auristela wí. " Ọwọ́ ẹ ti mọ́ ọn. Tá a bá tún ń pààrọ̀ èèyàn báyìí, ilẹ̀ á ṣú bá wa."

"Ó dáa náà," ni Eudomar wí. "Bíríkìlà ti di olówùú." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Dádì, Ẹ̀gbọ́n Heberto ló tún ẹ̀rọ omi ṣe nígbà tó bàjẹ́," ni Yelitza wí. "Ilé wọn la ti ń lọ pọn omi."

"Ẹ̀rọ omi tiwa? Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

"A pè yín. Ẹ ní ẹ wà nípàdé."

Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ omi kiri ayé, òùngbẹ ń gbẹ àwọn ará ilé rẹ̀! Ojú tì í. Ó lọ jókòó sí pálọ̀ bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó, ó ń fi ife àlejò mu kọfí. Ó ń gbọ́ ohùn Heberto láti ilé ìdáná: "Ìyá, ẹran ti pọ̀ jù nínú eléyìí o, àbí oyún lẹ fẹ́ kó ní?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Nereida náà ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí Eudomar ò gbọ́ mọ́ lórí fóònù láti ọjọ́ yìí wá. Ó bínú, ó sì ń pàrọwà fún ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìròyìn mi ná, ló ń sọ nínú ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ ìkòkò àkọ́kọ́ kalẹ̀, wọ́n pè é kó wá tọ́ ọ wò. Ó ń fojú wá inú àwo, ó sì rí i: kókó elétí méjì! Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Wọn ò gbàgbé mi, ó ní. Ó tú u, ó ṣí ewé, ó bù ú sẹ́nu. Àjàrà gbígbẹ ni. Ó tún bù ú lápá kejì, àjàrà ni.

"Nereida, elétí mà ni mo mú o, àjàrà ló kún inú rẹ̀."

"Háà, Dádì! Ti Ẹ̀gbọ́n Heberto lẹ mú. Wọn kì í jẹ ólífì. Àwọn ló ni elétí."

Nereida fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ìwọ mà ni kì í jẹ àjàrà. Mo gbàgbé pátápátá. Ṣà á kúrò, jọ̀ọ́."

Heberto ní òun ń lọ wo àwọn ọmọ òun nílé, ó yọ́ jáde. Eudomar ń ṣa àjàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

"Kí ló wà láàárín ìwọ àti ọkùnrin yẹn?"

Ká ní Nereida bínú ni, ì bá sàn. Kò bínú. "Kò sí nǹkan kan. Ká ní nǹkan wà ni, wàá rí ẹni bá jà. Òrùlé ń jò, ó gùn ún. Ẹ̀rọ bàjẹ́, ó tún un ṣe. Ó wà níbí ni, Eudomar. Gbogbo ohun tó ṣe ò ju ìyẹn lọ."

Ìgbà yẹn ni Eudomar wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe bó ṣe fẹ́ sọ ọ́. "Ọ̀gá ní kí n wá jókòó síbí. Kò sí ìrìn mọ́."

Ó ń retí ariwo ayọ̀. Nereida nu ọwọ́ sí aṣọ ìdáná.

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Nereida wo ọmọ, ọmọ wo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Yàrá tó o máa ń kó ẹrù sí, Yelitza ló ń kàwé níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n... kò burú. A máa wá ibi tá a máa fi ẹ́ sí."

Pẹ̀lú inúure ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dùn ún wọra. Fóònù ń dún. Ọ̀gá ni. Eudomar gbé e, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró, ó dúró títí ọ̀gá fi ń pariwo "Hẹ́lò?" Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sọ pé kó gba iṣẹ́ ọ́fíìsì náà.

"Ọ̀gá, ẹ fi ẹlòmíràn síbẹ̀," ló wí. "Èmi á máa bá ìrìn lọ."

"Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ́nà o, àna mi," ni Ìyá Auristela wí kíá, ó sì ki ṣíbí bọ ìkòkò padà. Nereida ti na ọwọ́ mú ewé tuntun. "Màá ṣe èyí tí kò ní àjàrà, tí wàá gbé dání lọ. Irú kókó wo ni ká so ó, ká lè dá a mọ̀?"

"Kókó kan ti tó," ni Eudomar wí.

Yelitza fò mọ́ ọn lọ́rùn, gẹ́lẹ́ bó ṣe rò ó láàárọ̀. "Dádì mi! Ẹ ṣé o! Mo ti ń rò ó pé bàtà tí ẹ fẹ́ rà fún mi ní Panama ti wọgbó nìyẹn."