Aṣọ tí Abẹ́rẹ́ Kò Gbọdọ̀ Kàn

Ní ìgbà tí à ń wí yìí, Ìyá àgbà ṣì wà láyé, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń mi pálọ̀ tìtì. Àáfà àdúgbò wà láyé, ẹni tí kì í wọlé onílé kó má kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ Ìyàwó náà wà láyé, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń rí i sójú. Bàbá Káfíńtà, bàbá ọkọ Ìyàwó, wà láyé, ara rẹ̀ le bí òpó, àfi ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá ń bọ̀ nílé náà nígbà yẹn, á gbọ́ ariwo kó tó rí ènìyàn.

Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pe aya ọmọ Bàbá Káfíńtà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti bímọ mẹ́rin sílé náà. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ ni maṣíìnì rẹ̀ wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sórí abẹ́rẹ́, àjákù òwú sì pọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ gbogbo ará ilé ló ń gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọdún márùn-ún ṣáájú ni Bàbá Káfíńtà já bọ́ láti orí òrùlé tó ń kàn. Egungun jinná, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò dìde mọ́. Ó kàn ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí okùn ni. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò fojú kàn án níbi tó ti ń wọṣọ. Ìyá àgbà tó ti jẹ́ aya rẹ̀ fún ogójì ọdún, bí Bàbá bá ti fẹ́ múra, á ní kó bọ́ síta. Ìyàwó nìkan ló mọ bó ṣe ń ṣe é, kò sì fojú rí i. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi mọ̀. Òun ló ń rán ẹ̀wù tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀, tí apá òsì rẹ̀ là dé ìhà. Òun ló ń ki rọ́bà sí ìdí ṣòkòtò. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Bó bá ti parí ọ̀kan, á ká a sórí àga lẹ́nu yàrá, Bàbá á mú un wọlé, kò ní dúpẹ́, kò ní bínú. Ọ̀rọ̀ tí abẹ́rẹ́ bá ti sọ tán, ẹnu kì í tún un sọ.

Nígbà tó yá, orúkọ Bàbá jáde láàárín àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà. Orúkọ kan ṣoṣo ló jáde nílé wọn. Òun nìkan ni yóò lọ. Kò sí ọmọ tí yóò tẹ̀ lé e, kò sí aya.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n tú ẹrù sílẹ̀ sórí ẹní ní pálọ̀. Ìyàwó ló ń dì í. Ó wá báàgì tí a lè gbé kọ́ èjìká ọ̀tún. Ó kó sálúbàtà méjì sí i, ọ̀kan fún ẹsẹ̀, ìkejì fún ọjọ́ tí tàkọ́kọ́ bá sọnù lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó kó ọṣẹ tí kò ní òórùn dídùn sí i, torí ẹni tó bá ti gbé Hárámì, aṣọ iṣẹ́ Hájì, wọ̀ kò gbọdọ̀ fara kan lọ́fíńdà. Oògùn ẹ̀yìn dídùn, tẹ̀sùbáà, ìwé ìrìnnà nínú ọ̀rá kí omi má bà á jẹ́. Ibi tó ti ń dì í ni Bàbá ti jáde láti yàrá, ó sì rọra fi nǹkan kan sí àárín aṣọ.

“Bàbá, kí lèyí?”

“O ò mọ òòlù mọ́ ni?”

Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. “Òòlù kẹ̀! Ṣé wọ́n ránṣẹ́ sí yín pé òrùlé ń jò lọ́hùn-ún ni?”

“Káfíńtà kì í rìn kó má mú òòlù dání.”

“Kí káfíńtà máa lọ ní tirẹ̀. Òòlù á dúró bá mi ṣọ́lé.”

Bàbá rojú, ó mú òòlù rẹ̀ padà. Ìyàwó wá kan aṣọ funfun méjì tó kù. Aṣọ Hárámì nìyẹn: ọkùnrin á ró ọ̀kan mọ́dìí, á fi ìkejì bo èjìká. Ó fọwọ́ tọ́ etí aṣọ náà lọ, ó tọ́ ọ bọ̀. Kò sí rọ́bà, kò sí ìkọ́, kò sí ọrùn. Ó rí Bàbá lọ́kàn rẹ̀ láàárín ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, pẹ̀lú ọwọ́ kan, tí aṣọ ń já lọ nídìí rẹ̀. Ó mọ̀ pé baba yìí kò jẹ́ bẹ ẹnìkan pé ẹ dákun, ẹ bá mi ró aṣọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, á jókòó sí yàrá títí wọn yóò fi ṣe Hájì náà tán.

Lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn àgbà ń sùn, ó gbé aṣọ náà sórí maṣíìnì. Ó ti gbọ́ rí pé wọn kì í rán aṣọ yìí fún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n lójú aránṣọ, kí a gé aṣọ kó di ẹ̀wù, ìyẹn ni ìránṣọ. Rọ́bà tín-ín-rín kan ní ìbàdí àti ìkọ́ méjì léjìká, ìyẹn kì í ṣe ìránṣọ, àánú ni. Ó ká a, ó fi ojú rírán sínú, ó tì í sísàlẹ̀ báàgì.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbọ́ ikọ́ mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà. Àáfà ń yẹ ẹrù àwọn tó ń lọ wò láti ilé dé ilé. Ó yọ sálúbàtà, ó ní ó dáa. Ó gbóòórùn ọṣẹ, ó ní ó dáa. Ó na aṣọ funfun, aṣọ náà fà, ó sì tún sún kì.

“Ta ló ki rọ́bà sí Hárámì?”

Ìyàwó kúnlẹ̀.

“Èmi ni, Àáfà.”

“Ìyàwó, ṣé o fẹ́ sọ ọ́ di ṣòkòtò ni? Aṣọ tí ọba ń ró níbẹ̀ ni tálákà ń ró, kò sí ọwọ́ aránṣọ nínú rẹ̀. Kí ló kó ọ sí i?”

Ìyàwó wolẹ̀. Bó bá dáhùn, á tú àṣírí àgbà.

“Nítorí ọwọ́ mi ni,” ni Bàbá wí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ nípa ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. “Mi ò lè ró o. Ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀, kí ẹlòmíì lọ.” Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Àáfà mí kanlẹ̀. “Bẹ́líìtì kì í ṣe èèwọ̀,” ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọ̀la ni mò ń kó báàgì. Bí mi ò bá rí tiẹ̀, ẹlòmíì ló ni àyè náà.”

Ìyàwó tú gbogbo ojú rírán náà kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ń ṣẹ́ òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ yàrá tirẹ̀, ó fi ìborùn de ọwọ́ òsì mọ́ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú aṣọ funfun náà àti bẹ́líìtì kan, ó ń ró o lórí ẹ̀wù. Ó já. Ó tún un ró, ó já. Ìgbà kẹsàn-án ni Ìyá àgbà ṣílẹ̀kùn gbàù.

“Yéè! Ta ló dè ọ́ lọ́wọ́, ìyàwó mi?”

“Èmi fúnra mi ni, Ìyá.”

“Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́?”

“Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára Bàbá ni.”

Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. “Fẹ̀yìn ti ògiri,” ló wí. “Nígbà tí mo bá gbé bàbá àwọn ọmọ rẹ lọ́wọ́ ní kékeré, tó ń ké, tí ìró mi bá tú, ṣé mo lè jù ú nù ni? Ògiri ni ọwọ́ mi kejì.”

Ìyàwó fẹ̀yìn tì í. Ìdí rẹ̀ tẹ etí aṣọ mọ́ ògiri, ọwọ́ ọ̀tún yí ìyókù ká, eyín gbá etí kejì mú, ọwọ́ ká ìbàdí wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́líìtì sì gbà á. Ó fò sókè. Aṣọ dúró.

Wọ́n jọ lọ sẹ́nu yàrá Bàbá. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò mí.”

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Bàbá rí aya ọmọ rẹ̀ tó de ọwọ́ ara rẹ̀ kan mọ́ra, tó fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó fi eyín há aṣọ bí ológbò tó gbé ọmọ. Ó wò ó títí ó fi ró o tán.

“Ta ló kọ́ ọ?”

“Ìyá ni.”

Bàbá bojú wo ògiri náà sókè sódò, ojú káfíńtà. “Ògiri yìí ò gún,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ sí ti pálọ̀.”

Orí ṣòkòtò ni Bàbá ti ró o. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó já wálẹ̀ yàà.

“Ọkọ mi!” Ìyá àgbà ké. “Nígbà tí ẹ fẹ́ mi, aṣọ yín kì í yára já báyìí o!”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí wọn kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti já bọ́. Ní ìgbà kẹrin, aṣọ dúró. Ó fi rìn yí maṣíìnì ká lẹ́ẹ̀meje, kò já. Nígbà tí Àáfà wúkọ́ lọ́sàn-án, báàgì ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó lọ, ó bọ̀. Ó ní aṣọ kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní bàbá kan wà níbi tí wọ́n dé sí, tí kò gbọ́ èdè òun, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ògiri lòun kàn nawọ́ sí, ọ̀rọ̀ sì yé àwọn méjèèjì.

Láti ọdún náà ni Àáfà ti ń darí àwọn ọkùnrin tọ́wọ́ wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa wá sí pálọ̀ náà kí wọ́n tó di ẹrù. Bàbá tó ń lé aya rẹ̀ jáde nígbà kan á bọ́ ẹ̀wù níwájú àlejò, á fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì sókè. “Òkú ọwọ́ rèé,” á wí. “Ẹ má bẹ̀rù ẹ̀, kì í géni jẹ.” Ìyá àgbà á sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe yẹ̀yẹ́ gbogbo wọn. Àwọn àkókò yẹn dùn.

Bàbá ṣe é fún ọdún méjìlá. Ìyá àgbà ṣáájú rẹ̀ lọ sọ́run ní ọdún kẹwàá. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọkùnrin mẹ́ta jókòó ní pálọ̀, aṣọ wọn lẹ́sẹ̀ wọn nínú ọ̀rá: ọ̀kan kò lè gbé ọwọ́ ọ̀tún, ìkejì ń gbọ̀n, ìkẹta sì ti rọ lápá kan. Ọkọ Ìyàwó wà lójú ọ̀nà jíjìn. Ìyàwó lọ pe Bàbá, ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti pa dé, ara rẹ̀ ti ń tutù.

Ìyàwó jáde, ó dúró sí àárín pálọ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn mẹ́ta náà wo ojú rẹ̀. “Ìnná lílláhì,” ló wí jẹ́jẹ́.

Wọ́n gbé ọ̀rá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oníkálukú fi ọwọ́ tó ní ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, wọ́n sì bi í pé níbo ni omi tí àwọn yóò fi wẹ Bàbá wà.