Kókó Tó Wà Ní Ìgbọ̀nwọ́ Ṣáájú

3.

…nítorí náà, kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Èmi tí mo ní ojú méjì tó mọ́ gaara, n kò rí i. Bàbá mi tí kò ríran ló rí i.

Ó ń fọwọ́ pa ajá lára. Ọwọ́ náà dúró.

"Wá wo ibí yìí."

"Kí ló wà níbẹ̀, Bàbá?"

"Ìwọ lo lójú. Ìwọ ni kó o sọ fún mi."

(Ìpín kìíní àti ìkejì, mo ti ya wọ́n dànù. Irọ́ ti pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tó kù níbí, irọ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n.)

4. ÀWỌN TÓ WÀ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

BÀBÁ. Aago ló ń tún ṣe kí ojú rẹ̀ tó lọ, ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Títí dòní, tó o bá fi ìṣó aago méjì sí i lọ́wọ́, á sọ èyí tó gùn ju èkejì lọ fún ọ, á sì bú ẹni tó rọ ọ́.

ṢÁÁJÚ. Ajá. Ọmọ oṣù mẹ́wàá. Ara rẹ̀ ti tó ti àgbà, ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú. Wọ́n ń kọ́ ọ kó lè máa mú Bàbá rìn.

OLÙKỌ́ AJÁ. Òun ló ni Ṣáájú títí Ṣáájú á fi yege ìdánwò ojú títì. Kì í rẹ́rìn-ín. Mo ti gbìyànjú.

DÓKÍTÀ ẸRAN. Obìnrin. Ó máa ń bá ajá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọba sọ̀rọ̀. Àwa ló máa ń bá sọ̀rọ̀ bí ajá.

Ẹ̀GBỌ́N MI OBÌNRIN. Ó ń gbé lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wa.

ÈMI. Ojú Bàbá. Iṣẹ́ tí kò ní ìsinmi, tí kò sì ní ọ̀gá tí èèyàn lè lọ kọ̀wé fún.

5. OHUN TÍ WỌ́N LẸ̀ MỌ́ ILẸ̀KÙN DÓKÍTÀ

Ẹ SO ỌRÙN AJÁ YÍN MỌ́ OKÙN.
Ẹ MÁ JẸ́ KÓ KÍ AJÁ ẸLÒMÍÌ.
Ẹ MÁ SỌ OHUN TÍ ARÁ ÀDÚGBÒ NÍ Ó Ń ṢE É.
A Ò BI ARÁ ÀDÚGBÒ.

6. NÍNÚ YÀRÁ ÀYẸ̀WÒ

DÓKÍTÀ: Ta ló rí kókó yìí?

BÀBÁ: Èmi ni.

DÓKÍTÀ: (Ó wo ọ̀pá funfun ọwọ́ Bàbá. Ó wò mí.) Ìwọ ńkọ́?

ÈMI: Ọwọ́ mi dí ni, Dókítà.

DÓKÍTÀ: Ojú rẹ náà dí?

(Ó fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan jáde látinú kókó náà. Ṣáájú kò gbó. Èmi ni mo ké.)

BÀBÁ: Kí ló jáde?

ÈMI: Nǹkan funfun, Bàbá. Bíi ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi omi díẹ̀ pò.

BÀBÁ: Dókítà, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ṣé jẹjẹrẹ ni?

DÓKÍTÀ: Kò jọ ọ́, Bàbá. Àwọn ajá ńlá tí kò tíì pé ọdún méjì ni irú èyí sábà máa ń yọ sí lára, níbi tí egungun bá ti sún mọ́ awọ: ìgbọ̀nwọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kódà lórí ahọ́n. Èròjà tó ń mú egungun le ló ṣìnà, ó wá lọ kóra jọ sábẹ́ awọ. Nígbà míì, ibi tí nǹkan ti gbá a ni, tàbí ibi tó máa ń fi lélẹ̀ ṣáá. N ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí n fi wo kíndìnrín, torí àìsàn kíndìnrín náà lè fà á.

BÀBÁ: Ìtọ́jú rẹ̀ ńkọ́?

DÓKÍTÀ: Gígé ni. Tá a bá gé e tán pátá, ó ṣọ̀wọ́n kó padà síbẹ̀. Àmọ́ ó ṣì kéré, ìdánwò rẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí kò bá dàgbà, tí awọ kò bẹ́, a lè ṣe sùúrù. Tó bá dàgbà pẹ́nrẹ́n, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ̀ ẹ́.

BÀBÁ: Kí ẹnikẹ́ni má…

DÓKÍTÀ: Má tẹ̀ ẹ́, má ra á, má fi omi gbígbóná jó o. Ẹ máa fojú wò ó ni.

7.

Afọ́jú ló sọ ọ́ fún.

8. LẸ́TÀ KAN (mo ti ká a, mo ti tú u, títí ó fi ń ya lójú ìṣẹ́po)

"Inú wa dùn láti gbà ọ́ gẹ́gẹ́ bí akéde ní ibùdókọ̀ ojú irin. Wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí òní. Yàrá wà fún ọ. A gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù. Ẹni tó gbọ́ ọ ní láti gbé fóònù jìnnà sétí. Irú rẹ̀ là ń wá."

9.

Tí Ṣáájú bá yege, Ṣáájú dúró ti Bàbá. Mo lọ.

Tí Ṣáájú bá kùnà, Olùkọ́ mú un padà. Ajá míì, ó di ọdún méjì.

Ta ni yóò máa mú Bàbá sọdá títì fún ọdún méjì?

Ẹ má wojú mi.

10. ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀ TÍ DÓKÍTÀ NÍ KÍ N MÁA KỌ

Ọjọ́ kejì. Mo rí: ẹ̀wà kan. Mo sọ fún Bàbá: ẹ̀wà kan.

Ọjọ́ karùn-ún. Mo rí: ẹ̀wà méjì tó dì mọ́ra bíi tọkọtaya. Mo sọ: ẹ̀wà kan.

Ọjọ́ kẹjọ. Mo rí: ẹ̀pà tòun ti èèpo. Mo sọ: ẹ̀wà kan.

Ọjọ́ kọkànlá. Mo rí: ẹyin àdàbà. Mo sọ: "Bàbá, ẹ̀wà yẹn mà ti ń rù o."

Ọjọ́ kẹtàlá. N kò wò.

11. LÓRÍ FÓÒNÙ

Ẹ̀GBỌ́N: Ajá ńkọ́?

ÈMI: Ó wà pa.

Ẹ̀GBỌ́N: Kókó yẹn ni mò ń béèrè.

ÈMI: Ó ń dín kù.

Ẹ̀GBỌ́N: Ya fọ́tò rẹ̀.

ÈMI: [fọ́tò]

Ẹ̀GBỌ́N: Etí nìyí.

ÈMI: Etí rẹ̀ mà dára o, Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbọ́, èmi ni mo pọ̀n ọ́. Kó o tó tọ̀ ni ẹ̀yìn mi ti máa ń mọ̀. Ẹ̀yìn mi ti mọ èyí náà.

12. ÌWÉ OLÙKỌ́ AJÁ, ỌJỌ́ KEJÌLÁ

Ajá dúró létí títì bó ṣe yẹ. Ajá yí kòtò po bó ṣe yẹ. Ajá ń tiro díẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì iwájú. Ajá kọ̀ láti dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo bi ọmọ ilé náà léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní bàtà tuntun ló ń dùn ún.

Ajá kò wọ bàtà.

13. ṢÁÁJÚ

Ọwọ́ àgbà máa ń wá láàárọ̀. Ọwọ́ náà máa ń tẹ ibì kan. Ó máa ń dùn mí. N kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́ mi pé ajá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í gbó.

(Ajá kọ́ ló kọ ìpín yìí. Ẹni tó kọ ọ́ ń gbìyànjú láti wo nǹkan láti ibòmíì, nítorí ibi tó wà ti gbóná.)

14. ỌJỌ́ KẸẸ̀Ẹ́DÓGÚN, NÍ PÁLỌ̀, ÀÁRỌ̀

BÀBÁ: Jí! Jí, ó ti bẹ́!

(Mo sáré bọ́ síta, ṣòkòtò ní ẹsẹ̀ kan. Àtàǹpàkò Bàbá funfun. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú funfun náà. Ṣáájú ń lá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.)

ÈMI: Ẹ tẹ̀ ẹ́!

BÀBÁ: N kò tẹ̀ ẹ́. Mo wò ó.

ÈMI: Dókítà ní kí ẹ má ṣe…

BÀBÁ: Dókítà ní ká máa fojú wò ó. (Ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè.) Ojú mi nìyí.

ÈMI: Láti ìgbà wo?

BÀBÁ: Láràárọ̀. Kó o tó jí.

ÈMI: …Láràárọ̀?

BÀBÁ: Lọ́jọ́ tó tó ẹyin àdàbà, o ní ẹ̀wà ń rù.

ÈMI: Ẹ mọ̀! Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?

BÀBÁ: Tí mo bá bá ọ wí, wàá bi mí bí mo ṣe mọ̀.

15.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa fi bá a. Tèmi lo ọjọ́ mẹ́wàá péré. Kò tíì rìn débi tí yóò ti làágùn.

16. ÌWÉ ÀṢẸ FÚN IṢẸ́ ABẸ

Orúkọ ẹran: Ṣáájú.

Ohun tí a ó ṣe: a ó fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, a ó gé kókó náà kúrò tòun ti àpò rẹ̀, a ó rán awọ pa pọ̀, a ó fi kókó náà ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò.

Ewu tó wà níbẹ̀: ojú egbò lè ṣí, torí orí ìgbọ̀nwọ́ ni. Kòkòrò lè wọ̀ ọ́, torí ó ti bẹ́ kí ẹ tó gbé e wá.

(Èyí tó tẹ̀ lé e kò sí lórí fọ́ọ̀mù. Dókítà fi gègé kọ ọ́ sísàlẹ̀.)

Ta ló ń tẹ̀ ẹ́? *Bàbá.*

Ta ló rí i tó ń dàgbà, tó dákẹ́? *Ọmọ.*

Ta ló ní làákàyè nínú ilé yẹn? *Ajá.*

Ẹ buwọ́ lù ú níbí: ………

(Àwa méjèèjì buwọ́ lù ú.)

17. LÓRÍ BẸ́ŃṢÌ, LẸ́YÌN ILẸ̀KÙN

BÀBÁ: Kí lò ń rí?

ÈMI: Ilẹ̀kùn.

BÀBÁ: Ó ṣí?

ÈMI: Ó tì.

(Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ kan àpò mi.)

BÀBÁ: Lẹ́tà tó wà lápò rẹ. Mo máa ń gbọ́ ọ tó bá ń ya. Níbo ni?

ÈMI: …Ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n ní kí n wá máa kéde.

BÀBÁ: Wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ?

ÈMI: Wọ́n ti gbọ́ ọ.

BÀBÁ: Wọ́n ṣì gbà ọ́?

(Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbé ológbò dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sún síwájú.)

BÀBÁ: Mo ti bẹ̀ ọ́ rí pé kó o dúró tì mí?

ÈMI: Rárá, Bàbá.

BÀBÁ: Kí ni mo bẹ̀ ọ́?

ÈMI: Pé kí n máa sọ ohun tí mo bá rí.

BÀBÁ: Ìyẹn nìkan.

(Ilẹ̀kùn ṣì tì.)

18. ÌWÉ DÓKÍTÀ, LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

Mo gé e kúrò tán. Nígbà tí mo là á, àpò kéékèèké ló kún inú rẹ̀, ẹfun tó rí ṣágiṣàgi ló wà nínú wọn. Kíndìnrín kò ní àléébù. Kó máa sùn lórí ibùsùn rírọ̀, kì í ṣe orí ilẹ̀ líle. Kó wọ àrọ oníke sọ́rùn títí a ó fi yọ òwú, kó má baà lá a.

Bàbá, ẹ ki ọwọ́ yín bọ àpò.

19. ÈSÌ ÀYẸ̀WÒ

"Kókó eléròjà egungun. Kò sí àmì jẹjẹrẹ. Etí ibi tí wọ́n gé mọ́."

Mo ka á sókè. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Ṣáájú fi sá wọ abẹ́ àga. Àrọ ọrùn rẹ̀ há. Ó gbéra, àga gbéra. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri pálọ̀.

BÀBÁ: Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

ÈMI: Àga ń rìn, Bàbá.

BÀBÁ: O tún ti bẹ̀rẹ̀.

ÈMI: Mo búra, Bàbá! Ó ń lọ sí kíṣìnnì!

BÀBÁ: (Ó fa ọwọ́ yọ nínú àpò, ó tún tì í padà.) Hmm.

Òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ nípa ohun tí mo rí nínú ilé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn.

20. LẸ́TÀ MÉJÌ, LỌ́JỌ́ KAN NÁÀ

Olùkọ́ ajá: "Mo ti sún ìdánwò síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò ní sún mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Tí mo bá ti gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ ó sọ fún mi bóyá ara ajá dá. N kò fi ajá tí ara rẹ̀ kò dá sílẹ̀ fún ẹni tí kò ríran. Ọ̀rọ̀ ilé yín ni n ó gbà gbọ́."

Ibùdókọ̀: "A ó dúró dè ọ́ di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìdánwò ajá yín. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó mú ẹni tí ohùn rẹ̀ wà níwọ̀n."

21. DÓKÍTÀ, LÓRÍ FÓÒNÙ

Ojú egbò ti jinná dáadáa. Kò wọ́pọ̀ kí òmíràn yọ síbòmíì, ṣùgbọ́n kò ṣàì máa ṣẹlẹ̀. Ẹ máa wo ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún. Ohun tí a bá tètè rí, kékeré ni. Ohun tí a bá fi pa mọ́, ẹ ti mọ bí tiyín ṣe rí.

22. ÀÁRỌ̀ ÌDÁNWÒ

Ọkọ̀ Olùkọ́ ti dé. Ó fun fèrè lẹ́ẹ̀kan.

Ṣáájú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìjánu iṣẹ́ rẹ̀ lára, ó ń wárìrì bí ẹni tó fẹ́ jáde sórí ìtàgé. Kò tiro mọ́. Àpò aṣọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo ti dì í láti àná.

Bàbá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó fi ọ̀kan di èkejì mú, bí ẹni di olè mú.

"N kò tíì fọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ni ó wí. "Kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò fọwọ́ kàn án. Wo apá ọ̀tún fún mi."

Mo kúnlẹ̀. Mo ya irun ibẹ̀ sí méjì.

23.

Mo ní, "Kò sí nǹkan níbẹ̀, Bàbá."

23.

Mo ní, "Bàbá, nǹkan wà níbẹ̀."

(Méjèèjì yìí, mo ti ya wọ́n dànù; n kò tíì sọ ìkankan nínú wọn.)

23.

Ẹrẹ̀ gbígbẹ ni àbí kì í ṣe ẹrẹ̀? Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo tún wò ó. Fèrè dún lẹ́ẹ̀kejì. Ṣáájú yíjú, ó wò mí, ó wo Bàbá. Ọwọ́ Bàbá kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

"Mò ń gbọ́," ni ó wí.