Ilé Tí Wọ́n Ná Dé Egungun

Nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, irọ́ kan wà tí gbogbo ayé mọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i. Oníṣirò á ṣírò iye tí ilé máa jẹ, á wá bu nǹkan lé e lórí, nítorí ó mọ̀ pé onílé á ní kí wọ́n dín in kù. Onílé náà á ní kí wọ́n dín in kù, nítorí ó mọ̀ pé oníṣirò ti bu nǹkan lé e. Wọ́n á jọ fà á, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, olúkúlùkù á sì gbà pé òun ló gbọ́n jù. Àwọn oníṣẹ́ tiẹ̀ ti sọ owó orí yìí lórúkọ. Jẹ́-kó-gé ni wọ́n ń pè é.

Ìyá Oníṣirò mọ Jẹ́-kó-gé dáadáa. Òun ló ń bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí í ṣe kọngílá, ṣírò gbogbo ilé tó bá fẹ́ kọ́: iye búlọ́ọ̀kù, iye irin, sìmẹ́ńtì tó máa gbé ògiri dúró àti èyí tí àwọn lébìrà máa dà sílẹ̀. Kì í kánjú. Bó bá tẹjú mọ́ pláànù, wàá rò pé ìyá ọmọ ló ń wo ojú ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Àbúrò rẹ̀ kì í wo ìṣirò yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀ pé Jẹ́-kó-gé wà níbẹ̀, ó mọ bó ṣe máa ń tó, ó sì mọ ibi tí òun lè bá oníbàárà sọ̀ kalẹ̀ dé kí òun tó takú.

Ọ̀rọ̀ wá kan Ìyá Nọ́ọ̀sì, ó sì bẹ́yìn yọ.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Télọ̀, rán aṣọ títí àìsàn fi gba ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá tí wọ́n háyà wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró, ó sì dúró ṣánṣán. Bí Bàbá bá fẹ́ yá òòrùn, ọkùnrin méjì ló gbọ́dọ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí wọn ò bá sí nílé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni yóò wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá Nọ́ọ̀sì wá kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jọ, ó ní òun fẹ́ ilé kékeré kan, ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, kí ọkọ òun lè máa fi àga onítáyà yí ara rẹ̀ jáde nígbà tó bá wù ú.

Ọwọ́ Ìyá Nọ́ọ̀sì yìí ni Ìyá Oníṣirò bí àbíkẹ́yìn rẹ̀ sí. Ọmọ jáde, kò ké. Obìnrin yìí ò jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àgbàlagbà, títí ọmọ fi han gooro. Ta ló máa bu owó lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí? Ìyá Oníṣirò jókòó, ó ṣírò ilé náà bó ṣe rí gan-an, kò fi nǹkan kan lé e. Inú rẹ̀ dùn bí inú ẹni tó fúnni lẹ́bùn. Ó fi iye náà ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, kò sì sọ fún un pé Jẹ́-kó-gé ò sí níbẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹlẹ́fẹ̀ yẹn ò ní jẹ́ kóun gbádùn. Á ní ẹ̀gbọ́n òun ti fẹ́ sọ iṣẹ́ di ilé àánú.

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Kọngílá gbé iye náà dé ọ̀dọ̀ Ìyá Nọ́ọ̀sì, ìyá náà sì fọwọ́ lẹ́rán.

"Ọmọ mi, èyí ti ga jù. Ẹ bá mi gé ìdá kan nínú márùn-ún kúrò."

Kọngílá mi orí díẹ̀, kó má baà dà bí ẹni tó yá jù, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Mà. Torí pé ẹ̀yin ni."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀rá ni àwọn méjèèjì rò pé àwọn gé. Egungun ni wọ́n gé.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ pè é lórí fóònù, tó ń yangàn pé òun gé díẹ̀ kúrò, iṣẹ́ sì ti bọ́ sóun lọ́wọ́, ara Ìyá Oníṣirò tutù. Ó yẹ kó là á mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò là á. Ojú tì í, ó sì ń tan ara rẹ̀ pé bí òun bá ṣọ́ iṣẹ́ náà dáadáa, òun á rí ohun tó bọ́ sọnù yẹn he padà lórí ilẹ̀.

Bó ṣe sọ ara rẹ̀ di ọlọ́pàá sáìtì nìyẹn. Bí lébìrà bá ń já àpò sìmẹ́ńtì, ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tó bá fọ́, ó ní kí wọ́n kó o sábẹ́ ilẹ̀ yàrá dípò kí wọ́n jù ú nù. Pákó tí wọ́n fi da kọnkéré, ó ní kí káfíńtà yọ ìṣó rẹ̀, kó tún un lò. Ó bá oníyanrìn fa wàhálà pé ọkọ̀ rẹ̀ ò kún. Àwọn bíríkìlà ní kí ìyá yìí má sọ pé káwọn dín èémí àwọn kù o. Gbogbo ìṣọ́ yẹn ló wúlò, ó sì pa owó mọ́, àmọ́ omi ṣíbí kì í kún àmù.

Ilé dé òrùlé. Kọngílá gba iye lọ́wọ́ káfíńtà tó máa kan igi òrùlé, ó wo ohun tó kù, ó tún un wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, owó yìí ò kájú ẹ̀. Bí a bá kanlé tán, kò ní tó rẹ́ ògiri. Báwo ló ṣe jẹ́?"

"Mi ò fi Jẹ́-kó-gé sí i."

"Ẹ ò fi kí ni?"

"Iye tó jẹ́ gan-an ni mo kọ."

Kọngílá jókòó lórí búlọ́ọ̀kù. "Èmi wá lọ gé e níwájú wọn, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé o máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Màá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa! Lẹ́yìn náà màá lọ takú sórí iye yẹn." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká dín ẹnu ọ̀nà kù. Férémù kékeré pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n. Ká fi àtẹ̀gùn síwájú ilé, ká yọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga Bàbá fẹ́ máa gbà yẹn kúrò."

"Kí Bàbá wá máa jókòó ti fèrèsé nínú ilé ara wọn?"

"Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n máa pè wá ṣá? Ilé dé òrùlé, kọngílá ní owó tán! Olè gan-an kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ohun tó ń ba Ìyá Oníṣirò lẹ́rù gan-an nìyẹn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni kan ṣoṣo tí kò fẹ́ kó ka òun mọ́ olè láyé yìí ni Ìyá Nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ lọ. Ó gun àtẹ̀gùn tóóró yẹn lọ, ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Wọ́n ti sọ fún mi," ó ní. "Wọ́n ní bí ilé bá ti dé òrùlé, ẹ máa wá gba owó sí i. Mo ní tìẹ ò ní rí bẹ́ẹ̀."

"Mà, mo lè fi ọmọ tí ẹ gbẹ̀bí ẹ̀ yẹn búra..."

"Má fi ọmọ búra." Ó nawọ́ sí igun yàrá, níbi tí àga onítáyà tuntun wà, tí wọn ò tíì tú ọ̀rá ara rẹ̀. "Owó tí mo gé ni mo fi ra ìyẹn. Mo ní Ọlọ́run ló fi tọrẹ. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́."

Omi bọ́ lójú Ìyá Oníṣirò. Bàbá Télọ̀, tó wà nídìí fèrèsé láti ìbẹ̀rẹ̀, yí ọrùn padà sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá, jẹ́ n bi ọ́. Lọ́jọ́ tí kọngílá mú iye wá, ká ní ó sọ fún ọ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni, kí lò bá ṣe?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì ro ó. "Ẹni tó ń búra nídìí ọjà? Ǹ bá gé jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Èmi náà bu nǹkan lé owó aṣọ nígbà tí mo ń ránṣọ, àwọn èèyàn náà sì gé e. Kò sẹ́ni tó kú." Ó ní kí Ìyá Oníṣirò dìde, kó mú pláànù sún mọ́ òun. "Bí aṣọ ò bá tó sòkòtò, a kì í dín ìbàdí kù, torí ibẹ̀ lèèyàn máa wọ̀. Àpò la máa yọ. Fi àpò ilé yìí hàn mí."

Wọ́n jọ yọ ọ́. Wọ́n yọ àjà, wọ́n yọ táìlì, wọ́n ní kí wọ́n má rẹ́ ìta ilé rárá. Òrùlé dúró, ilé ìwẹ̀ dúró, ẹnu ọ̀nà fẹ̀ bó ṣe wà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà níwájú rẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì kàn ń wò wọ́n ni, kò bá wọn dá sí i, kò sì sin Ìyá Oníṣirò dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó ń lọ. Kọngílá náà fi èrè tirẹ̀ sílẹ̀ pátá. Ó ní owó ẹ̀rín tí òun rín nìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé, Ìyá Oníṣirò wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń wò ó bóyá omi òrùlé ń dà síbi tó yẹ. Onílé tí wọ́n háyà lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló bá wọn gbé ẹrù wá. Ó wo ògiri tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ hàn síta, ó pàtẹ́wọ́.

"Háà, Ìyá Nọ́ọ̀sì! Àwọn kọngílá yìí mà rẹ́ yín jẹ!"

Ìyá Oníṣirò sorí kọ́. Ó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa rìn ká àdúgbò nìyẹn.

"Ẹ gbẹ́nu dákẹ́," Ìyá Nọ́ọ̀sì ní. "Òótọ́ ni wọ́n mú wá bá mi. Èmi ni mo gé e."

Onílé yẹn rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ kẹ̀? Ta ló ń mú òótọ́ wá nídìí ilé kíkọ́?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì rìn dé ẹ̀gbẹ́ ilé, ó di Ìyá Oníṣirò lọ́wọ́ mú, ó sì fà á jáde síwájú ọkùnrin náà.

"Òun nìyí," ó ní. "Ẹ wò ó dáadáa."