Ọdún Mẹ́wàá fún Dwayne Larrabee

Iṣẹ́ Emmett Kosik ni kó máa ju bọ́ọ̀lù tí àwọn ẹlòmíì máa gbá nù. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹgbẹ́ Alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ gbá bésíbọ́ọ̀lù nílùú Hallam, kí àwọn òǹwòran tó wọlé, á bọ́ sáàárín pápá, á dúró sẹ́yìn àwọ̀n tí wọ́n ta mọ́ férémù irin kí bọ́ọ̀lù má baà fọ́ ọ lójú, á sì máa ju bọ́ọ̀lù fún àwọn tó ń gbá a kí ara wọn lè yá. Kò gbọdọ̀ ju èyí tó le. Ibi tí oníkálukú bá fẹ́ ló gbọ́dọ̀ jù ú sí. Ọdún mọ́kànlá ló fi ju bọ́ọ̀lù fún Dwayne Larrabee, ẹnì kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì nínú gbogbo ẹgbẹ́ náà. Tí igi tí Dwayne fi ń gbá bọ́ọ̀lù bá bà á dáadáa, á fò kọjá ògiri, á lọ bọ́ síbi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí.

Emmett kì í gbàgbé nǹkan. Ó ṣì mọ orúkọ olùkọ́ tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo kíláàsì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó mọ ọjọ́ àti wákàtí tí ọ̀gá kan sọ fún un pé apá rẹ̀ ò lè ju bọ́ọ̀lù tó máa dé ẹgbẹ́ ńlá láéláé. Nítorí náà, kò gbàgbé ọjọ́ tí Dwayne kọ́kọ́ ní kó sún àwọ̀n sẹ́yìn. Oṣù karùn-ún ni.

"Bàbá Kosik, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀. Oòrùn ń wọ̀ mí lójú."

Emmett gbójú sókè. Ìkùukùu ti bo ojú ọ̀run láti àárọ̀. Ó fa àwọ̀n náà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n tún fi ìṣísẹ̀ kan kún un. Bọ́ọ̀lù tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ẹni tó fẹ́ gbá a á sì ráyè rí i. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Dwayne fẹ́ pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nígbà náà. Tí Emmett bá sì ju bọ́ọ̀lù sún mọ́ ọn lára, igi tó ti máa ń yára ju kéèyàn ṣẹ́jú lọ ti ń pẹ́ dé. Kò sẹ́ni tó rí i. Tí ìdíje bá bẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n àti ìrírí ni Dwayne fi ń bo ara rẹ̀ láṣìírí, ó sì ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún un lójoojúmọ́.

Àdéhùn Dwayne máa parí lọ́dún yẹn. Ọdún mẹ́wàá ló ń béèrè, àti ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù dọ́là. Kò sí ibi tí wọn ò ti ń jiyàn ẹ̀ ní Hallam. Ní ilé oúnjẹ Marge, níbi tí Emmett ti máa ń jẹ ẹyin láàárọ̀, Stosh tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ irin ló ń pariwo jù.

"Ẹ fún un, jàre. Kí la tún ní nílùú yìí? Wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ irin, àwọn ọmọ wa ti kó lọ. Ṣé Dwayne náà kó máa lọ ni?"

"Nígbà tó bá di ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ńkọ́?" Lou onígbàjámọ̀ ló dá a lóhùn. "Ṣé o máa gbé àga lọ fún un síbi tó ti ń gbá a ni?"

"Màá gbé e lọ. Kó jókòó gbá a fún wa sàn ju kó dìde dúró gbá a fún New York."

"Owó ẹ kọ́ ni, Stosh. Ìdí nìyẹn tọ́wọ́ ẹ fi là tó báyìí."

"Emmett, bá wa dá sí i. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù."

"Ẹ jẹ́ kí n jẹun," ni Emmett wí. Nínú ọkàn rẹ̀, ọdún mẹ́rin ló yẹ kí wọ́n fún Dwayne. Ọjọ́ kan ò gbọdọ̀ lé e.

Òun náà ní ọdún mẹ́rin tirẹ̀ tó ń kà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni òun àti Irma ìyàwó rẹ̀. Àrùn oríkèé ti ká ìka Irma kò, abẹ́rẹ́ tó ń gbà lóṣooṣù ló sì jẹ́ kó ṣì lè di ife mú. Owó abẹ́rẹ́ náà ju owó oṣù Emmett lọ. Ètò ìlera tí ẹgbẹ́ ń ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ló ń san án, ó sì ku ọdún mẹ́rin kí àwọn méjèèjì tó pé ọdún márùndínláàádọ́rin, tí ìjọba á máa san owó ìlera wọn. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dé pápá, ẹ̀rọ tó lè ju bọ́ọ̀lù bíi ti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ní kó fara wé. Wọ́n sọ fún Emmett àti àwọn méjì yòókù tó ń ju bọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀ pé tí sáà yìí bá ti parí, iṣẹ́ wọn náà parí nìyẹn.

Dwayne gbọ́. Ó wá bá a níbi tó ti ń kó bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n.

"Ẹ má da ara yín láàmú, Bàbá Kosik. Ibi tí mo bá wà lẹ máa wà. Màá ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sínú ìwé àdéhùn mi: ọdún tí mo bá fi wà níbí lẹ̀yin náà máa fi wà."

"Wọ́n lè kọ irú ẹ̀ síbẹ̀?"

"Ohun tí mo bá ní kí wọ́n kọ ni wọ́n máa kọ. Kẹ́ ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ bo àwọn nǹkan kan."

Wọn ò dárúkọ nǹkan náà. Emmett sọ fún Irma lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Irma sì sunkún díẹ̀, ó ní ọmọ gidi ni Dwayne.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Paula Stenger, ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́, ránṣẹ́ pe Emmett sí ọ́fíìsì. Ọdún mọ́kànlá, wọn ò pè é síbẹ̀ rí.

"Ẹ jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Kosik. Ọ̀rọ̀ Dwayne ni. Àwọn tó ń bá mi ṣírò ní kí n má kọjá ọdún márùn-ún. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ ní kí n má jẹ́ kó lọ. Tí mo bá fún un ní mẹ́wàá, bóyá ni màá fi jẹ èrè ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Mẹ́fà tó kù, ohun tó ti ṣe kọjá ni màá máa sanwó ẹ̀. Tí mi ò bá sì fún un, ẹlòmíì á fún un lọ́la."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ọ̀gá."

"Kò sẹ́ni tó ti ju bọ́ọ̀lù fún un tó yín láyé yìí. Ojú yín rí ohun tí ìṣirò wa ò lè rí. Ṣé ó ti ń lọ sílẹ̀?"

Emmett wo ọwọ́ obìnrin náà lórí tábìlì. Àwọn ìka náà gún régé. Ó rántí ti Irma.

"Ó wà bó ṣe wà."

"Kò sí ohunkóhun tó yí padà?"

"Kò sí."

"Ẹ máa fún un ní ọdún mẹ́wàá?"

"Tó bá jẹ́ owó mi ni, màá kó o fún un lónìí."

Paula kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Emmett ò purọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò rò pé òun ṣẹ Paula. Ó rò pé òun ṣe ohun tí ọkọ máa ń ṣe.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà ní oṣù kọkànlá, lójú àwọn oníròyìn. Emmett wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó dúró lẹ́yìn pátápátá. Dwayne dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aṣojú rẹ̀ àti gbogbo ará Hallam. Wọ́n ka díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú àdéhùn náà: ibùjókòó ìdílé rẹ̀ ní pápá, ọkọ̀ òfuurufú fún àwọn òbí rẹ̀, yàrá ńlá tó máa dá gbà ní òtẹ́ẹ̀lì tí ẹgbẹ́ bá rìnrìn àjò. Emmett tẹ́tí títí wọ́n fi kà á tán.

Ó dúró de Dwayne lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn lọ́yà ṣe rí, Bàbá Kosik," ni Dwayne wí, ó ń wo fóònù rẹ̀. "A máa yanjú ẹ̀."

Paula ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, lọ́jọ́ tó fún un ní ìwé pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Kò mọ̀ pé òun ń sọ nǹkan kan tó le. "Ó ku díẹ̀ kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ o. Ó ku nǹkan méjì nílẹ̀ lọ́jọ́ tá a fẹ́ parí àdéhùn Dwayne, ẹ̀yin àti yàrá òtẹ́ẹ̀lì. A ní kó mú ọ̀kan."

Wọ́n fún Emmett ní igi ìgbábọ́ọ̀lù kan tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí. Ó gbé e sínú pàǹtírí kó tó kúrò níbẹ̀, ó sì dúró dìgbà tí ọkọ̀ fi wá kó pàǹtírí náà lọ.

Wọ́n ta ilé kékeré tí wọ́n ní létí adágún, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ra abẹ́rẹ́. Emmett ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà àti ìṣó. Lọ́dún àkọ́kọ́, Dwayne ṣì gbá díẹ̀. Lọ́dún kejì, ó wó. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ní ẹgbẹ́ yòókù ti mọ̀ pé kí àwọn ṣáà ti jù ú sún mọ́ ọn lára. Èèyàn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n á jọ pariwo ẹ̀gàn lé e lórí kó tó padà lọ jókòó. Kò sí owó láti fi dá ọmọ kékeré kan tó ń sáré bí ẹtu dúró, ẹgbẹ́ mìíràn gbà á. Wọ́n lé Paula. Wọ́n lé mẹ́rin nínú àwọn tó ń rìn káàkiri wá agbábọ́ọ̀lù tuntun.

"Ó ku ọdún mẹ́jọ," ni Lou máa ń sọ ní ilé oúnjẹ Marge tó bá ti rí Stosh. "Ṣé kí n bá ẹ wá àga?"

"Fi mí sílẹ̀. Ta ló wá sọ fún wọn pé ọkùnrin yẹn ṣì dáa?"

Emmett bu iyọ̀ sí ẹyin rẹ̀. Ó ti bu iyọ̀ sí i tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù kìíní, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí yìnyín bo ilẹ̀, Dwayne wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti sanra. Wọ́n jáde síbi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà.

"Ẹ̀rọ yẹn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Bàbá Kosik. Mi ò rí bọ́ọ̀lù ẹ̀. Mo ti gba ibì kan fún ìdánrawò. Ẹ wá máa jù ú fún mi. Ilé iṣẹ́ tèmi ló máa gbà yín síṣẹ́, ètò ìlera á wà níbẹ̀, fún yín àti fún Màmá."

Emmett ti ń retí irú ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún méjì, kó lè kọ̀. Àmọ́ ó gbọ́ ètò ìlera, kò sì lè kọ̀ kíákíá.

"O mọ̀ pé mo purọ́ fún Paula nítorí ẹ?"

"Mo mọ̀," ni Dwayne wí. "Ta lẹ rò pé ó ní kí Paula lọ bi yín?"

Ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kọjá níwájú wọn, ó ń ha ilẹ̀.

"Ọdún mélòó?" ni Emmett béèrè.

"Kí ni?"

"Iṣẹ́ tó o fẹ́ fún mi."

"Ká kọ́kọ́ ṣe é títí ìdíje á fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ká máa wò ó."

"Ọdún méjì ló kù fún wa. Kọ ọdún méjì sílẹ̀, kó o fọwọ́ sí i. Bí apá mi bá já, bí o bá fi bésíbọ́ọ̀lù sílẹ̀, kó o máa san án."

Dwayne rẹ́rìn-ín. Kò fi rín in fín, ó pa á lẹ́rìn-ín lóòótọ́. "Bàbá Kosik, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni yín. Ta ló ń ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí apá ẹ̀ lè já lọ́la?"

"Máa lọ," ni Emmett wí.

"Ẹ rò ó wò ná. Nítorí Màmá."

"Mo ní kó o máa lọ, Dwayne."

Irma ń to oògùn sínú àpótí kékeré nígbà tó délé, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì wọ́n. Emmett sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ohunkóhun pa mọ́.

"Títí ìdíje á fi bẹ̀rẹ̀, oṣù mélòó nìyẹn?" ni Irma béèrè.

"Oṣù méjì àtààbọ̀."

"Abẹ́rẹ́ méjì nìyẹn, Emmett. Bóyá mẹ́ta."

"Ó fi mí rẹ́rìn-ín."

"Mo gbọ́. Òun ló rẹ́rìn-ín, ìwọ lo bínú, èmi ni ìka ń ro." Ó ti àpótí oògùn náà pa. "Ìgbà tó o purọ́ fún Paula, o ní nítorí mi ni. Lónìí ńkọ́, nítorí ta ni?"

Emmett mọ̀ pé kóun gbé fóònù, kóun pe Dwayne, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó jókòó sídìí tábìlì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò pè é.

Lọ́jọ́ Ajé, ó bá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ètò ìlera lè kan òun. Ọ̀gá náà ní ẹ̀yìn ilé nìkan ni àyè wà, níbi tí wọ́n ti ń ru àpò sìmẹ́ǹtì sínú ọkọ̀ àwọn oníbàárà. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní kó kọ́kọ́ ṣe é fún oṣù mẹ́ta, kí àwọn wo bí ara rẹ̀ ṣe máa gbà á, ètò ìlera ò ní bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Emmett dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ìbọ̀wọ́, ó sì lọ sẹ́yìn ilé.