Ṣọ́ọ̀kì àti Àwòrán Télọ̀

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló bí Ṣọ́ọ̀kì. Ọdún kan náà ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tiẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, wọ́n sì mú un wá sílé wa pẹ̀lú báàgì kan péré.

Télọ̀ ni bàbá mi. Yàrá iwájú ló ti ń ránṣọ: máṣíìnì kan, tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ, àti áyọ́ọ̀nù tí àwa ọmọdé ò gbọdọ̀ sún mọ́. Kò sí nǹkan tá a gbọdọ̀ fọwọ́ kàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ọmọ mìíràn ṣe máa ń wá ṣúgà, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ yìí ṣe máa ń wá ṣọ́ọ̀kì tí bàbá mi fi ń sàmì sáṣọ. Ó yàwòrán sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, ó yà á sára ilẹ̀kùn, ó tún yà á sábẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ni orúkọ Ṣọ́ọ̀kì ti mọ́ ọn lára. Bàbá mi máa ń nà án. Á ní, "Ọmọ tó ń jẹun lọ́wọ́ mi ò ní ba nǹkan mi jẹ́," bí ẹni pé èmi ò jẹun lọ́wọ́ ẹ̀.

A ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí oníbàárà kan gbé aṣọ funfun wá, aṣọ olówó ńlá, pé kí bàbá mi fi rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ òun. Bàbá mi jáde lọ ra bọ́tìnnì. Èmi àti Ṣọ́ọ̀kì yọ́ wọ yàrá, mo fa etí aṣọ náà jáde, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo nà án sí i.

"Ya ìyá rẹ fún mi. Mi ò rántí ojú wọn mọ́."

Ó ní rárá. Mo ní ṣebí ṣọ́ọ̀kì lásán ni, á gbọ̀n dànù. Mo ní bí ò bá yà á, mi ò ní bá a ṣeré mọ́. Ó wò mí títí, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́ tí àǹtí mi fi yọjú lórí aṣọ náà, pẹ̀lú èjí wọn, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Mo ká aṣọ náà pa dà wéréwéré. A ò ráyè gbọ̀n ọ́n.

A ò mọ̀ pé ọ̀rá wà nínú ṣọ́ọ̀kì yẹn. Bàbá mi tẹ́ aṣọ, kò wò ó, ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, àwòrán náà sì wọnú aṣọ lọ. Nígbà tó yí aṣọ náà pa dà, ojú àbúrò ẹ̀ tó ti kú ló ń wò ó. Ó pè wá. Kò bi wá léèrè ohunkóhun. Ó gbá ọwọ́ ọ̀tún Ṣọ́ọ̀kì mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, ó sì gbé áyọ́ọ̀nù náà lé e.

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Ẹnu mi ò là. Màmá mi ló sáré wọlé tó já áyọ́ọ̀nù gbà.

Ṣọ́ọ̀kì ò dárúkọ mi lọ́jọ́ náà, kò dárúkọ mi títí egbò fi jinná. Ìka mẹ́ta ká kò, wọn ò ṣeé nà mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Èmi ò tiẹ̀ parọ́. Mo kàn dákẹ́ ni.

Ó fi ọwọ́ òsì kọ́ gbogbo nǹkan lákọ̀tun. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó kúrò nílé, ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń kọ pátákó ìsọ̀. Ọ̀gá náà wo ọwọ́ ẹ̀, ó ní, "Búrọ́ọ̀ṣì ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Àmọ́ ìwọ lo máa fọ gbogbo wọn o." Odidi ọdún kan ló fi fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí ibà dá ọ̀gá dúbúlẹ̀, tí onígbàjámọ̀ kan sì ń bínú nítorí pátákó ẹ̀, Ṣọ́ọ̀kì bá a kùn ún. Àwọn èèyàn ń wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ náà, wọ́n ń sọ pé orí tó wà lára pátákó níta yẹn làwọn fẹ́. Olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní àwòrán yíyà wà lára àwọn tó wá gẹrun. Òun ló mú Ṣọ́ọ̀kì lọ síbi iṣẹ́ tiẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ń gbá ilẹ̀ fún un, ó ń kọ́ṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀.

Ọdún kẹrìnlélógún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù ni ìwé ìròyìn gbé àwòrán ẹ̀ kan jáde, pé àwọn èèyàn máa wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Ọkùnrin kan ni, téèpù lọ́rùn, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ kan kúrò lára àwòrán náà kó lè gba ojú ìwé. Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tó ni orí pípá yẹn.

"Lọ sọ fún un kó yọ ọ́ kúrò," bàbá mi wí. "Bí ò bá yọ ọ́, màá lọ yọ ọ́ fúnra mi." Mo rí i tó ki sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ bọ báàgì.

Mo lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣàfihàn àwòrán náà: gbọ̀ngàn gígùn ni, ògiri funfun. Ọkùnrin méjì wà lórí àkàbà, wọ́n ń so iná. Ṣọ́ọ̀kì rí mi, ó ní, "Wọ́n rán ọ ni."

Mo ti rí àwòrán náà lódindi. Ọmọbìnrin kékeré kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn télọ̀ náà. Ó mú ṣọ́ọ̀kì dání.

"Èmi nìyí?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Jọ̀ọ́, yọ ọ́ kúrò." Mi ò mọ̀ bóyá torí bàbá mi ni mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tàbí torí ara mi.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kun ọ̀dà bò ọ́ níbẹ̀ yẹn," ó wí. "Gbogbo ìgbà tí mo bá bò ọ́ ni àwòrán náà máa ń di irọ́."

Bàbá mi ò dúró dè mí. Ó ti wọlé, báàgì wà lábíyá ẹ̀. Ó gba àárín wa kọjá, ó lọ dúró síwájú àwòrán náà, ó ki ọwọ́ bọ báàgì. Àwọn tó wà lórí àkàbà dáwọ́ dúró. Ṣọ́ọ̀kì ò mira. Ọwọ́ tó wà nínú báàgì yẹn nìkan ni mò ń wò.

Bàbá mi wo áyọ́ọ̀nù inú àwòrán náà, ó wo ọwọ́ ọmọ tó wà lórí tábìlì níbẹ̀, ojú ẹ̀ wá dé ẹnu ọ̀nà.

"Kí ni ọmọ yìí mú dání?"

Ó kọjú sí mi.

"Ìwọ ni mò ń bi."

"Ṣọ́ọ̀kì ni, Bàbá. Èmi ni mo fún un, èmi ni mo mú aṣọ náà. Ó kọ̀, mo fi dandan mú un."

Ó yíjú sí Ṣọ́ọ̀kì. "O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Ó yọ ọwọ́ jáde lófìfo. Ó jókòó lórí àpótí kan tí wọ́n kó wáyà sí, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré. "Ojú àbúrò mi ni mo rí lára aṣọ yẹn," ó wí. "Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Ṣọ́ọ̀kì wí. Kò fi kún un. Bàbá mi náà ò bẹ̀bẹ̀. Ó dìde, ó gbé báàgì ẹ̀, ó sì lọ.

Wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Mo lọ. Obìnrin kan bi mí bóyá mo mọ ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ní èmi ni, ó sì rọra sún sẹ́yìn. Ilé àwòrán kan nílùú mìíràn ló rà á. Lẹ́yìn oṣù méjì, bàbá mi pe Ṣọ́ọ̀kì lórí fóònù, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ṣọ́ọ̀kì máa ń wá sílé báyìí. Ẹ̀yìnkùlé, lọ́dọ̀ màmá mi, ló máa ń jókòó sí. Kò tíì wọ yàrá iwájú, a ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wọ̀ ọ́.