Fánìṣì Tí Mo Nù Kúrò

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mú ọmọ mi wọlé, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn yẹn... àbí lójú tèmi nìkan ló fi pẹ́? Bí dókítà eyín bá fi lè ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu eyín wá, ọwọ́ mi ló fà á. Ọwọ́ yìí, tó ti ń kun àga àti tábìlì láti ogún ọdún.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, inú yàrá kan náà ni. Ọmọ mi obìnrin la ẹnu, dókítà fi ìka hàn mí: ibi funfun wínníwínní, ní ìdí eyín iwájú méjì. "Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín, ó ti fẹ́ máa kẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dá ihò. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè mú un wá." Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun fánìṣì eyín sí i, èyí tó ní fùlóráìdì nínú, ó ní á jẹ́ kí ibẹ̀ tún le padà. "Ẹ má fọwọ́ kàn án títí di ọ̀la o."

Mo gbọ́. Etí mi méjèèjì ló gbọ́.

Ṣùgbọ́n fánìṣì ni — iṣẹ́ mi ni fánìṣì. Ó pupa rúsúrúsú lójú eyín ọmọ, ó ki níbì kan, ó fẹ́lẹ́ níbì kan. Ta ló máa gbé irú rẹ̀ fún oníbàárà? Mo fa áńkáṣíìfù yọ lójú ọ̀nà, mo ní kí n kàn mú un jọ̀lọ̀ díẹ̀. Díẹ̀, ni mo ní. Gbogbo rẹ̀ bá áńkáṣíìfù lọ.

Nígbà tí a délé, ìyá rẹ̀ bi mí, "Kí ni dókítà wí?" Mo ní gbogbo rẹ̀ ti parí. Irú ẹnu wo nìyẹn...

Láti ìgbà yẹn, òun ló ń fọ eyín ọmọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọṣẹ ìfọyín bíńtín bí ẹ̀wà kan. Iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó wà níbí lónìí. Òun ló sọ fún mi láàárọ̀ pé, "Káàdì ìtọ́jú eyín ọmọ wà nínú àpò yín. Ẹ kà á o." Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?

Káàdì. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi tiẹ̀ rí nǹkan ṣe.

Ọjọ́ kẹrin oṣù: a kun fánìṣì. Tèmi nìyẹn.

Ọjọ́ karùn-ún: a tún un kùn. Ìyá ló mú un wá.

Ìyá ló... Ọjọ́ tó tẹ̀ lé tèmi gan-an. Àárọ̀ tó ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ aránṣọ — mo tiẹ̀ ń ráhùn pé wọ́n pẹ́. Àṣé áńkáṣíìfù yẹn, òun ló fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tèmi, ó rí fánìṣì lára rẹ̀, ó sì bi mí: "Ṣé ẹ kun nǹkan lónìí ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àga. Òun tó lè fi bàtà mi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, oṣù mẹ́ta gbáko, kò sọ ọ́ sí mi létí.

Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi nínú lọ́hùn-ún — ẹ̀rín ẹni tí wọn ò lu eyín rẹ̀.

Ìyàwó mi... màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un bí mo bá délé. Ó kun ibi tí mo bà jẹ́, kò sì jẹ́ kí n rí ipa búrọ́ọ̀ṣì. Ogún ọdún tí mo ti ń kun nǹkan, mi ò tíì kun irú rẹ̀ rí.